Ọkọ̀ tó lo àádọ́ta ọdún lábẹ́ ilẹ̀: ṣé yóò sítáàtì bí ẹ bá hú u?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mẹ́káníìkì ni mí, ìlú kékeré kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ní 1976, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí pé igba ọdún, àwọn ará ìlú gbẹ́ kòtò, wọ́n fi kọnkéré mọ yàrá sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé Chevrolet tuntun kan sí i pé kí àwọn ọmọ wọn hú u ní 2026. Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò hú u. Àwọn kan ní omi kì í gba inú kọnkéré kọjá, pé bátìrì tuntun àti epo tuntun ló kù kí ọkọ̀ náà sítáàtì lójú èrò. Èmi náà rí fídíò Ferrari kan tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ tó sì padà ń rìn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi fi àwòrán ọkọ̀ Tulsa hàn mí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn, báwo la sì ṣe máa ṣe é?”

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, ìlérí ló fẹ́ di ẹrù lọ́rùn yín: ìlú ń retí ọkọ̀ tuntun, ẹ̀yin tí ẹ mọ irin sì ti ń fura pé ohun tó wà nísàlẹ̀ lè má jọ ọkọ̀ mọ́. Ẹ fura dáadáa. N kò lè jókòó síbí kí n sọ bí ọkọ̀ yín ṣe rí. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó máa ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe lè mọ̀ kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé bóyá ó ti pa tiyín, àti ohun tí ẹ óò ṣe tí èyí tó ṣẹ́kù kò fi ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò sítáàtì. Omi ni yóò pinnu gbogbo rẹ̀, a kò sì tíì mọ bí omi tó wà nísàlẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, torí òun ló dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 15 oṣù Okúdù 1957, wọ́n sin Plymouth Belvedere aláwọ̀ wúrà àti funfun kan síwájú ilé ẹjọ́ ìlú náà, láti fi ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí Oklahoma di ìpínlẹ̀. Ọkọ̀ tuntun ni, máìlì díẹ̀ péré ló wà lójú mítà rẹ̀. Wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù mẹ́wàá tì í pẹ̀lú ọ́ìlì, bóyá epo á ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí 2007 tó dé. Wọ́n kun ọkọ̀ náà lóògùn ìpẹtà, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fọ́nnu pé yàrá kọnkéré náà lè dúró de bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní Okúdù 2007, omi ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó sì hàn pé láàárín àádọ́ta ọdún yẹn omi ti bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Boyd Coddington, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọkọ̀, ti wà níbẹ̀ láti gbìyànjú bóyá yóò sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì náà ti gan pa. Ẹni tí wọ́n sin ín fún, ìyẹn ẹni tó sọ iye ará ìlú tí yóò wà ní Tulsa ní 2007 tó sún mọ́ òótọ́ jù lọ, ti kú láti 1979, àwọn ẹbí rẹ̀ ló gba ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ ìpẹtà lára rẹ̀. Àwọ̀ wúrà yọjú níbì kan, ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé kò lè gbé ara rẹ̀ mọ́. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ kan ní Roscoe, ní Illinois, ló wà báyìí.

Àwọn tó ní omi kì í gba inú kọnkéré kọjá ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí wọn kò tẹ́ ọ̀rá sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rí, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, mọ bí omi ṣe ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, tí ọ̀dà á máa bó, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ á máa hù jáde lára bíríkì. Kọnkéré ní ihò wínníwínní tí ojú kò rí, omi sì máa ń fà gba inú wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ni ọ̀nà ńlá tó ń gbà wọlé. Ọ̀nà ńlá ni ojú tí ilẹ̀ yàrá ti pàdé ògiri, ojú tí ògiri ti pàdé ìdérí, àti ibi tó bá ti sán. Òtútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń mú kí ibi tó sán máa fẹ̀ sí i, nítorí omi tó bá wọnú ẹ̀là á di yìnyín, yìnyín á wú, ẹ̀là á gbòòrò. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ọdún fún àádọ́ta ọdún. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ náà tún ń pe omi. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà padà yí yàrá ká kò le tó ilẹ̀ tí a kò gbẹ́ rí, nítorí náà omi òjò máa ń wá ibẹ̀ bó ṣe ń wá kòtò ṣalánga tuntun. Tó bá sì ti wọnú yàrá, kò síbi tó máa gbà jáde, nítorí pé wọn kì í ṣe ojú ihò ìdaminù sí i. Bí yàrá yín bá wà lẹ́bàá títì, ẹ rántí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Omi iyọ̀ ń jẹ irin kíákíá ju omi òjò lásán lọ.

Ká tilẹ̀ ní omi kò wọlé rárá, afẹ́fẹ́ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń kún fún ọ̀rinrin. Irin kò nílò adágún omi kó tó dípẹtà. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pàápàá níbi tí eruku tàbí iyọ̀ bá bà lé. Ìdí nìyí tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé ọkọ̀ fi máa ń ṣe é ní ibi. Ọ̀rá kì í dá omi dúró pátápátá, ṣùgbọ́n tí omi bá ti ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kó jáde mọ́. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin bí aṣọ tútù. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá wé tiyín, ẹ má retí pé ìyẹn gbà á là.

Ohun kan wà ní Tulsa tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí ìgbìmọ̀ yín gbọ́. Inú yàrá kan náà ni wọ́n gbé àpótí irin kan sí, tí wọ́n fi wẹ́dà jó ojú rẹ̀ pa yíká. Àsíá àti àwọn ìwé ló wà nínú rẹ̀. Àpótí yẹn wà nínú omi bí ọkọ̀ ṣe wà nínú omi, síbẹ̀ ohun inú rẹ̀ jáde ní gbígbẹ. Ẹnu tó dí pinpin ló gba ohun inú àpótí là. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi wẹ́dà jó ọkọ̀ pa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú tiyín, ẹ má ṣe fi iná gé e, ìwé ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ayùn irin tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ gé e ní etí, ẹ máa dá dúró kó máa tutù.

Ní ti Ferrari tí ẹ rí, Dino 246 GTS ni, Los Angeles ni wọ́n sì ti hú u ní Èrèlè 1978. Kì í ṣe ìrántí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ sin ín. Ọkọ̀ tí wọ́n kéde ní Ọ̀pẹ 1974 pé olè jí ni. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ péré ló lò nínú ilẹ̀, ní ìlú tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, owó àti iṣẹ́ ńlá ló wọlé kó tó rìn. Kò sí bí a ṣe lè fi ọdún mẹ́ta ní Los Angeles wé àádọ́ta ọdún níbi tí yìnyín ti ń bọ́.

Ní báyìí, ohun tí ẹ óò ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò la gbígbẹ́ lọ. Ẹ pe 811 kí wọ́n wá sàmì sí páìpù gáàsì, omi àti wáyà iná tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Láàárín àádọ́ta ọdún, wọ́n lè ti gba ojú ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, oṣù mélòó kan ṣáájú ayẹyẹ, ẹ ṣí iyẹ̀pẹ̀ orí ìdérí níwọ̀nba ibi tí èèyàn kan lè dúró sí, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìlukọnkéré tó ń fi omi ṣiṣẹ́ lu ihò tó tó ínǹṣì méjì. Omi inú ẹ̀rọ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bẹntiróòlù lè wà nínú ọkọ̀ tàbí nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ á ti kún yàrá, iná kékeré tó bá ṣẹ́ lè gbà á. Bí ihò bá ti là, ẹ sọ okùn ẹ̀rọ ayẹ̀afẹ́fẹ́wò sínú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà olókùn àti ọ̀pá tí ẹ máa fi wọn omi. Láàárín wákàtí kan ẹ ó ti mọ̀ bí omi ṣe jìn tó, ibi tó gùn dé lára ògiri rí, bóyá taya ṣì gbé ọkọ̀ náà ró, bóyá òrùlé ọkọ̀ ti wó. Ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ sì dí ihò náà padà. Lójú tèmi, ihò ínǹṣì méjì yẹn lérè ju gbogbo ohun mìíràn tí ìgbìmọ̀ yín lè náwó lé lọ, nítorí ẹ ó mọ irú ayẹyẹ tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó pe èèyàn.

Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù ju ohunkóhun lọ. Ìpẹtà ń lo ọ́síjìn. Ọkọ̀ odidi kan tó ń dípẹtà nínú yàrá tó pa dé lè fa ọ́síjìn ibẹ̀ gbẹ débi pé ẹni tó bá wọlé á dákú kó tó mí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Omi tó ti dúró pẹ́ tún lè ní gáàsì onímájèlé tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́. Ẹ má gbọ́kàn lé imú yín o, nítorí tí gáàsì náà bá pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. A mọ ìtàn yìí nílé: ọkùnrin kan á wọ kànga, kò ní dáhùn mọ́, àbúrò rẹ̀ á sáré wọlé tẹ̀ lé e, aládùúgbò á tún tẹ̀ lé wọn, òkú mẹ́ta ni wọn ó gbé jáde. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́ ní ọ́síjìn ìdá 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ka afẹ́fẹ́ tí kò tó 19.5 sí eléwu, èéfín tó lè gbiná kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó lè mú iná ràn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì mẹ́rin yẹ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wò. Ẹ fi fáànù tí kì í ṣẹ́ná fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù gba inú páìpù dé ìsàlẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì wà lára ẹni tó wọlé títí tí yóò fi jáde. Kó wọ bẹ́líìtì tí a so mọ́ okùn lókè, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ihò tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa wò ó. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìfami elépo wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ yàrá, tó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, òfin ní kí ẹ fi pákó tàbí irin gbé ògiri iyẹ̀pẹ̀ dúró tàbí kí ẹ gbẹ́ ẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ gba ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ àti kọnkéré fún apá yìí. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di tiyín.

Ìdérí kọnkéré wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó fẹ̀ ní 10, tó sì nípọn ní ínǹṣì 6, yóò wọn nǹkan bí 15,000 páùn. Bí ẹ bá gé e sí méjì láìkọ́kọ́ fi kíréènì mú un, orí ọkọ̀ ni yóò já lé. Kí kíréènì ti fà á le kí ayùn tó gé e tán.

Bí omi bá wà, ẹ má ṣe fà á gbẹ kíákíá. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ máa ń wà ní títì, omi inú ọkọ̀ kò sì ní tètè jáde bí omi ìta ṣe ń lọ. Inú ọkọ̀ tí àyè rẹ̀ lè gba 100 àpótí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan á gba omi tó lé ní 6,000 páùn. Tí omi ìta bá ti lọ, tí tinú ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ìwọ̀n yẹn á jókòó sórí ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà, á sì já. Ẹ máa fà á ní ínǹṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró kí tinú àti tìta bára mu. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n epo tó léfòó sójú omi sọ́tọ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi náà sínú gọ́tà ìlú láìsọ fún àwọn tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí, torí epo àti òjé tó lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n onírin sẹ́nu páìpù, kí ẹ sì jọ ẹrẹ̀ tó kù nílẹ̀. Bọ́tìnnì, kọ́ọ́bọ̀, kọ́kọ́rọ́ àti àmì ìdánimọ̀ ọkọ̀ máa ń já sínú rẹ̀. Ibi tí omi ti ń dé tó sì ti ń lọ, ìyẹn ojú ìlà omi, ni ẹ óò ti bá ìpẹtà tó burú jù, torí omi àti afẹ́fẹ́ ń pàdé níbẹ̀ nígbà gbogbo. Apá tó wà nínú omi láti ọjọ́ yìí lè sàn ju apá òkè lọ, ìyẹn sì lè yà yín lẹ́nu.

Gbígbé e jáde ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ohun tí omi fi sílẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi okùn kọ́ bọ́ńpà tàbí ilẹ̀kùn. Ẹ má gbára lé ṣàsí láìjẹ́ pé ẹ ti fi òòlù kékeré kàn án láti orí dé ìdí tí ẹ sì gbọ́ ìró rẹ̀. Irin tó ṣì le máa ń ké, èyí tó ti jẹrà máa ń dún bí páálí tó rẹ sómi. Súpíríìnì tó wà ní títẹ̀ fún àádọ́ta ọdún lè fọ́ lójijì, ẹ má sún orí yín mọ́ ọn. Ọ̀nà tí mo fọkàn sí ni pé kí ẹ ti àpò rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún bọ abẹ́ ọkọ̀ níbi púpọ̀, kí ẹ gbé e ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì lẹ́ẹ̀kan, kí igi máa tẹ̀ lé e lábẹ́. Nígbà tí àyè bá ti gbà, ẹ ti irin H méjì bọ abẹ́ rẹ̀ ní gígùn, kí ẹ fi pákó líle dábùú wọn, kí ọkọ̀ náà sinmi lórí pákó lódindi. Àwọn irin yẹn ni kíréènì máa gbé. Kí irin agbéròó òkè fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ, kí okùn má baà fún òrùlé pọ̀. Ọkọ̀ ńlá ìgbà yẹn ń wọn tó 4,000 páùn. Ẹ fi ẹrẹ̀ àti omi kún un kí ẹ tó gba kíréènì.

Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ síta, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Irin tó tutù tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí afẹ́fẹ́ tuntun máa ń yọ ìpẹtà pupa láàárín wákàtí díẹ̀, ojú yín ni yóò ṣe. Ẹ fi omi mímọ́ àti rọ́bà lásán ṣàn án, kì í ṣe ẹ̀rọ afomifọ̀ alágbára, torí ìyẹn á lu ihò sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú àgọ́ ọ̀rá tàbí gáréèjì tí ẹ̀rọ ìfàrinrin wà, kí ọ̀rinrin ibẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi dín sí ìdá 40. Kí ó má ṣe yára jù, kí ẹ má sì tan híítà sí i: àga aláwọ àti fáníìlì tó bá yára gbẹ á súnkì, á sì fàya. Ìwé àti àwòrán tó bá tutù, ẹ má ṣí wọn, ẹ má sì sá wọn sóòrùn. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé wọn sínú fìríìsà kí ọjọ́ méjì tó pé, kí ebu má baà mú wọn; àwọn olùtọ́jú ìwé mọ bí a ti ń gbẹ wọn láti inú yìnyín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà, kó wọ ìbòmú tó dára. Ọ̀dà ìgbà yẹn lè ní òjé nínú, ìlẹ̀mọ́ bìréèkì sì lè ní asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má sì há a ní gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ ká ní Ọlọ́run ṣe é, kámẹ́rà fi hàn pé yàrá gbẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sítáàtì ṣeé gbé yẹ̀ wò, àmọ́ kì í ṣe ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹ má fi bátìrì kàn án láti dánra wò. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ fi kámẹ́rà wo inú sílíńdà, ẹ da ọ́ìlì gíà aládàáṣiṣẹ́ tí ẹ fi acetone lú ní ìlàjì-ìlàjì, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi spánà gígùn mú bóòtù iwájú kíráńkì, kí ẹ máa mì í lọ mì í bọ̀. Bí kò bá yí, ẹ má fipá mú un. Pístìnì ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Bó bá yí, ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ jáde kí ẹ wò ó. Tó bá funfun bí mílíìkì, omi ti dé inú rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má lo táǹkì àti páìpù epo àtijọ́, bẹntiróòlù àádọ́ta ọdún á ti di gọ́ọ̀mù, á sì dí kabúrétọ̀ pa. Ẹ fi ìgò epo kékeré bọ́ ọ láti òkè, ẹ yí ẹ̀rọ ọ́ìlì lọ́wọ́ títí òṣùwọ̀n yóò fi gòkè, kí ẹ tó so púlọ́ọ̀gì padà. Bìréèkì rẹ̀ kò ní sí, torí ọ́ìlì bìréèkì ń fa omi mu, á sì ti jẹ inú sílíńdà rẹ̀. Kó kàn ké ni, kó má rìn.

Bí omi bá sì ti jẹ ẹ́, ọ̀nà mélòó kan ló wà. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí a ra ọkọ̀ irú rẹ̀ mìíràn, kí a tú ẹran ara rẹ̀ fi tún èyí ṣe. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá tán, ọkọ̀ kejì ni ẹ óò máa wò, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa kù. Àwọn mìíràn á ní kí a yọ gbogbo ìpẹtà kúrò pẹ̀lú kẹ́míkà tàbí iná mànàmáná. Ẹ ṣọ́ra: níbi tí irin ti jẹ tán, ìpẹtà náà gan-an ló di ara ọkọ̀ mú, tí ẹ bá yọ ọ́, ihò ló kù. Iná mànàmáná tí a ń gba inú omi sódà sí i sì máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù run. Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí ẹ dá ìpẹtà dúró síbi tó wà: kí ẹ gbá èyí tó ń já bọ́, kí ẹ fi oògùn tannic kun ibi tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ fi ìda ìtọ́jú irin bò ó, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí irin tí a rọ fún un, kó má ṣe máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kó sì wà nínú gíláàsì tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò pọ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti àtúnṣe lọ́nà púpọ̀. Àwọn tó bá wá wò ó á rí ọkọ̀ tí àwọn òbí wọn sin gan-an, àti ohun tí àádọ́ta ọdún nínú ilẹ̀ ṣe fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ìrètí wọn ni ọkọ̀ tó ń dán. Ẹ fi fídíò kámẹ́rà hàn wọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ní ti ayẹyẹ, ẹ gbé ọkọ̀ jáde ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, láìsí èrò, kí ẹ ní àyè láti dúró nígbà tó bá yẹ kí ẹ dúró. Ẹ fi àpótí àti ìwé ṣe ohun tí èrò máa kọ́kọ́ rí, bí wọ́n bá gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dábàá pé kí ẹ sin ọkọ̀ mìíràn padà, ẹ sọ fún un pé Tulsa náà tún gbé ọkọ̀ kan pamọ́ ní 1998, Plymouth Prowler, tí wọn yóò ṣí ní 2048. Orí ilẹ̀ ni wọ́n mọ ilé rẹ̀ sí.